Galileo Galilei, Ẹni Tó Kọ́kọ́ Fi Ìṣirò Wọn Agbára Bíìmù

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí mọ́ ilé rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí òpó kankan dúró sáàárín ibi tí mọ́tò yóò máa gbà wọlé, yóò bá ìbéèrè kan pàdé: bíìmù irin wo ni yóò gbé òrùlé tàbí yàrá òkè láti ògiri dé ògiri? Lẹ́nu iṣẹ́, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n ra èyí tó nípọn jù, tàbí kí wọ́n ra irú èyí tí aládùúgbò lò. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí mọ̀ pé ìṣirò ló ń dáhùn ìbéèrè náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni irú ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò bíìmù sínú ìwé fún aráyé. Inú ilé tí wọ́n sé e mọ́ ló ti kọ ọ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí ìwé náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àṣìṣe ńlá kan sì wà nínú rẹ̀. Galileo Galilei ni orúkọ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba oyè

Ìlú Pisa ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n bí Galileo sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1564. Vincenzo Galilei ni bàbá rẹ̀, Giulia Ammannati ni ìyá rẹ̀. Olórin ni bàbá náà. Ohun èlò olókùn kan tó jọ gìtá, tí wọ́n ń pè ní lute, ló ń ta. Kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kìkì nítorí pé àwọn àgbà ló sọ ọ́. Àwọn ìwé orin àtijọ́ ti sọ bí ohùn okùn ṣe ń yí padà bí a bá fi ìwúwo fà á. Vincenzo so ìwúwo mọ́ okùn fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé ìṣirò inú ìwé náà kò tọ̀nà. Ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni Galileo.

Owó kò pọ̀ nílé wọn. Bàbá fẹ́ kí àkọ́bí òun di dókítà, nítorí pé iṣẹ́ náà ń mówó wọlé. Ní 1581, Galileo wọ Yunifásítì Pisa láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó bá Ostilio Ricci pàdé, olùkọ́ ìṣirò kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ààfin Tuscany, ó sì rọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1585, ó fi yunifásítì sílẹ̀ láìgba oyè kankan. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ àtiyí ẹ̀ka padà ti gba oorun lójú yín rí, ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́rin ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó ríṣẹ́ gidi. Ní 1589, Yunifásítì Pisa kan náà tí kò ti gba oyè gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà náà. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Ní 1591 bàbá rẹ̀ kú, ẹrù ilé sì bọ́ sí i léjìká, pàápàá owó ìgbéyàwó àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé ìdílé ìyàwó ni í san án nílẹ̀ wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba iṣẹ́ sí Padua, lábẹ́ ìjọba Venice, níbi tí owó ti sàn díẹ̀. Ọdún 18 ló lò níbẹ̀.

Ọgbà ìkànkọ̀ ní Venice

Owó Padua náà kò ká ohun gbogbo. Galileo gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ilé rẹ̀, wọ́n ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó bí a ṣe ń mọ odi ìlú tí ogun kò lè wó. Ó tún ṣe irinṣẹ́ ìṣirò kan fún àwọn ọmọ ogun, ó sì gba oníṣẹ́ ọwọ́ kan sílé tó ń bá a ṣe é fún títà. Òun àti Marina Gamba, obìnrin ará Venice, bí ọmọ mẹ́ta láìṣe ìgbéyàwó: Virginia ní 1600, Livia ní 1601, Vincenzo ní 1606.

Padua kò jìnnà sí Venice. Ọgbà ìkànkọ̀ ojú omi tó wà ní Venice, tí wọ́n ń pè ní Arsenal, wà lára àwọn ibi iṣẹ́ tó tóbi jù ní Yúróòpù láyé ìgbà náà. Galileo mọ ibẹ̀ dáadáa. Kò ka ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ sí ọ̀rọ̀ aláìmọ̀wé. Ó ń fetí sí wọn. Ohun kan tí wọ́n mọ̀ ló mú un ronú: bí wọ́n bá ń kan ọkọ̀ ńlá, wọ́n ní láti fi igi tì í lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó má baà dá láàrin lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kì í nílò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Bí gbogbo òdiwọ̀n bá ṣe déédéé, kí ló dé tí ńlá kò fi lágbára bíi kékeré?

Ìdáhùn tí Galileo rí ṣì wà nínú iṣẹ́ wa títí di òní. Mú bíìmù kan, sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po 8. Bí gígùn náà ti wá di ìlọ́po méjì, agbára tí ìwúwo yẹn fi ń tẹ̀ ẹ́ á di ìlọ́po 16. Agbára tí bíìmù fi ń dúró kò ní ju ìlọ́po 8 lọ. Nítorí náà, bí bíìmù ṣe ń tóbi sí i lọ́nà kan náà ni ìwúwo ara rẹ̀ ń borí rẹ̀. Ẹni tó bá wo bíìmù ilé ìgbọ́kọ̀sí ọlọ́kọ̀ kan, tó wá fi ojú ìwọ̀n sọ ọ́ di ti ọlọ́kọ̀ méjì, inú ọ̀fìn yìí ló ń wọ̀.

Awò, ẹjọ́, àti ilé Arcetri

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nípa Galileo kọ́ la fẹ́ sọ, a ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní 1609 ó gbọ́ pé àwọn ará Họ́láńdì ti ṣe awò kan tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ tòsí. Ó ṣe tirẹ̀, ó sì mú un dára sí i. Ní oṣù Kìíní 1610, ó fi í rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà po. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ sọ ọ́ di olókìkí láàrin oṣù díẹ̀, ó sì padà sí Florence láti ṣiṣẹ́ fún ọba Tuscany. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ San Matteo ní Arcetri, lẹ́yìn odi Florence. Virginia di Maria Celeste níbẹ̀, òun sì ni lẹ́tà rẹ̀ ń tu bàbá nínú jù.

Galileo gbà pé ayé ló ń yí oòrùn po. Ní 1616, Ìjọ Àgùdà kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe di èrò yẹn mú mọ́. Ní 1632 ó tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé kò tíì jáwọ́. Wọ́n pè é lọ sí Róòmù, wọ́n sì ṣẹjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1633, bàbá ẹni ọdún 69 kúnlẹ̀, ó sì sẹ́ ohun tó mọ̀ ní òtítọ́. Wọ́n ní kó lo ìyókù ayé rẹ̀ ní àtìmọ́lé, àmọ́ wọ́n yí i padà sí pé kó má jáde nílé. Ó kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Siena. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n jẹ́ kó padà sílé rẹ̀ ní Arcetri, nítòsí ilé àwọn ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1634, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé, Maria Celeste kú. Ọmọ ọdún 33 ni.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìbànújẹ́ yẹn ló kàn wá. Kò lè kọ̀wé nípa oòrùn àti ìràwọ̀ mọ́. Ó padà sórí àwọn ìwé àtijọ́ tó ti kó pa mọ́ láti ìgbà Padua: ọ̀rọ̀ ọgbà ìkànkọ̀, ọ̀rọ̀ igi tó ń dá, ọ̀rọ̀ ohun tó ń já bọ́ láti òkè. Ó fi wọ́n ṣe ìwé kan lórí ìmọ̀ tuntun méjì. Èkíní ni bí ohun líle ṣe ń kọ̀ láti dá. Èkejì ni bí nǹkan ṣe ń rìn. Wọ́n ti fòfin de títẹ ìwé rẹ̀, nítorí náà ìwé náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé Elzevir ní Leiden ní Họ́láńdì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1638. Galileo ṣe bí ẹni pé kò mọ bó ṣe débẹ̀. Nígbà yẹn, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

Bíìmù tó yọ lára ògiri

Nínú ìwé náà ni àwòrán kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ wa ṣì ń yà: bíìmù igi kan yọ lára ògiri àlàpà tí koríko ti hù lára rẹ̀, ìwúwo kan sì rọ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Galileo bèèrè pé báwo ni ìwúwo yìí ṣe lè tóbi tó kí bíìmù tó dá. Ohun tó rí ni pé bí ìbú bíìmù bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Àmọ́ bí gíga rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí gígùn rẹ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, ìdajì ìwúwo yẹn ni ìpẹ̀kun rẹ̀ lè gbé. Ìdí nìyẹn tí rúlà fi ń tẹ̀ wẹ́rẹ́ bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí kò sì ń tẹ̀ bí a bá gbé e dúró lórí etí rẹ̀.

Ẹ wo IPE 200, irin kan tó wọ́pọ̀ nínú tábìlì irin Yúróòpù. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200, ìbú rẹ̀ 100, mítà kan rẹ̀ sì wúwo tó kílò 22.4. Bó bá dúró dáadáa, W rẹ̀ jẹ́ 194 cm³. Bí oníṣẹ́ bá dà á délẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́, W náà á já sí 28.5 cm³, ìyẹn ni pé agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Irin kan náà ni, owó kan náà ni wọ́n fi rà á. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Galileo tún kíyè sí egungun ẹyẹ àti esùsú. Ó ṣàlàyé pé bí ìwúwo méjì bá dọ́gba, èyí tó ní ihò nínú máa ń lágbára ju èyí tó dì lọ, nítorí pé ohun tó gbé e ró ti jìnnà sí àárín. Àwa náà ń rí i lára ọparun tí àwọn oníṣẹ́ ń gùn. Láyé Galileo, kò sí ẹni tó ń yọ irin ní ìrísí lẹ́tà I, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ kò jìnnà sí èyí: kó irin jọ sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀, kí ògiri tín-ín-rín kan so wọ́n pọ̀.

Ó sọ ìtàn òpó mábù kan pẹ̀lú. Wọ́n tẹ́ òpó náà sílẹ̀ lórí ìtì méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ẹ̀kẹta sáàárín kó má baà dá. Gbogbo ènìyàn rò pé ọgbọ́n ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òpó náà sán gan-an lórí ìtì àárín. Ìtì kan ní ìpẹ̀kun ti jẹrà, ó sì ti rì sílẹ̀, àmọ́ ti àárín kò mira. Apá kan òpó náà wá rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń ronú láti fi òpó ìrànlọ́wọ́ há abẹ́ bíìmù rẹ̀ láìwo ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kó rántí òpó mábù yẹn.

Ibi tó ti ṣì í

Ó kù síbi kan. Galileo rò pé bí bíìmù bá fẹ́ dá, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi ògiri ló ń yí lé lórí, pé gbogbo inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè ló sì ń fà lọ́nà kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan bíìmù ló ń fà, apá kejì ń fún pọ̀, ìlà kan sì wà láàrin tí kò fà tí kò sì fún. Nítorí èyí, agbára tí ìṣirò rẹ̀ fún bíìmù onígun mẹ́rin jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìṣirò òde òní fún un. Ìbáṣepọ̀ ìbú, gíga àti gígùn tó sọ tọ̀nà. Iye tó ti inú rẹ̀ jáde ni kò tọ̀nà.

Kí ni ìlọ́po mẹ́ta lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ìgbọ́kọ̀sí wa. Ká ní àlàfo láti ògiri dé ògiri jẹ́ mítà 5, kí mítà kọ̀ọ̀kan bíìmù sì gbé 10 kN, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo tọ́ọ̀nù kan, ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ láàrin á jẹ́ 10 × 5 × 5 ÷ 8, èyí tí í ṣe 31.25 kNm. Bí irin wa bá ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 275 N/mm², tí a fi 1.67 pín in nítorí ààbò, nǹkan bí 165 N/mm² ló kù láti lò. W tí a nílò á jẹ́ nǹkan bí 189 cm³. IPE 200 fi díẹ̀ yege. Ká wá ní a ṣe irú àṣìṣe Galileo, a gbà pé irin lágbára ní ìlọ́po mẹ́ta: 63 cm³ péré la máa wá, a ó sì ra IPE 140, tí W rẹ̀ jẹ́ 77 cm³. Lábẹ́ ẹrù yẹn, nǹkan bí 404 N/mm² ni irin náà máa fẹ́ gbà. Ó ti kọjá ibi tí yóò ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àlàfo ààbò 1.67 kò lè bo àṣìṣe ìlọ́po mẹ́ta mọ́lẹ̀. Mọ́tò lè wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọdé náà lè wà níbẹ̀.

Ohun kejì tún wà tí Galileo kò wò rárá. Dídá bíìmù ló ń wá. Kò ṣírò bí bíìmù ṣe ń tẹ̀ kó tó dá. IPE 200 tó fi díẹ̀ yege yẹn á tẹ̀ sísàlẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 21 láàrin. Bí a bá lo òdiwọ̀n gígùn pín sí 360, kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ. Kò ní wó, àmọ́ ògiri òkè lè sán, ilẹ̀kùn sì lè máa há. IPE 240 á tẹ̀ tó nǹkan bí 10.5 péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà kan rẹ̀ fi kílò 8 péré wúwo ju ti IPE 200 lọ. Èyí ni ìdí tí ẹni tó ń yan bíìmù fi gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò méjì, ti agbára àti ti títẹ̀, kó tún wo bóyá etí òkè bíìmù lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti bóyá ògiri tó jókòó lé lè gbà á.

Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó tún àṣìṣe Galileo ṣe. Edme Mariotte fi ìdánwò rí i láàrin ọ̀rúndún kan náà pé nǹkan kò báramu. Antoine Parent sún mọ́ òtítọ́ ní 1713. Charles-Augustin de Coulomb ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nínú ìwé tó gbé kalẹ̀ ní 1773. Ní 1826, Claude-Louis Navier kọ ọ́ ní irú èyí tí à ń kọ́ ní kíláàsì. Láti 1638 sí 1826 jẹ́ ọdún 188.

Galileo kò rí ìkankan nínú wọn. Ó lo ọdún tó kù nílé Arcetri, Vincenzo Viviani, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ń kà fún un, ó sì ń bá a kọ̀wé. Evangelista Torricelli dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1641. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1642, ó kú lẹ́ni ọdún 77. Ọba Tuscany fẹ́ kọ́ ibojì ńlá fún un, àmọ́ Róòmù kò fọwọ́ sí i. Yàrá kékeré kan ní ilé ìjọsìn Santa Croce ni wọ́n sin ín sí. Ní 1737 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sínú ilé ìjọsìn gan-an. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì gbà ní gbangba pé àwọn tó dá a lẹ́jọ́ ṣì í ṣe.

Ọ̀kan nínú àwọn olórí pípé jù lọ láyé ló ṣe ìṣirò bíìmù, ó sì fi ìlọ́po mẹ́ta ṣì í. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Òun ló kọ́kọ́ la ọ̀nà náà, kò sì sí ẹni tó lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò. Àwa ní tábìlì irin, a ní kọ̀ǹpútà, a ní olùkọ́, a ní ẹlẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kí o bá òun yan bíìmù fún ilé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, ṣe ìṣirò rẹ, kí o wá gbé e fún ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ra irin. Bí iṣẹ́ Galileo bá nílò àyẹ̀wò, ti èmi àti ìwọ tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ ku ọ̀la nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.